Gbígbà Ló Ṣíwájú Gbígbá: Bàbá Mi Àgbà, Rájí Àtè

Nílé wa ní Dọ̀pẹmu, a kì í gbé nǹkan fún Bàbá Àgbà. Jíjù la máa ń jù ú sí wọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á le létí ọmọ Yorùbá. Ọmọ tó bá fẹ́ fún àgbà ní nǹkan, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń fún un, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ìyá Àgbà ṣe kọ́ wa. Ṣùgbọ́n tí Bàbá Àgbà bá ti jókòó sórí àga onírin wọn lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọsàn mi dà?", bí mo bá kúnlẹ̀ gbé e fún wọn, wọn ò ní gbà á. Wọ́n á ní kí n padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kí n jù ú wá. Màá jù ú. Nígbà mìíràn á yà sápá òsì, nígbà mìíràn á fò kọjá orí wọn. Wọn kì í dìde. Ọwọ́ wọn á kàn lọ pàdé rẹ̀ níbi tó wà, á sì bá a rìn padà díẹ̀ kó tó dúró. Mi ò gbọ́ kí ọsàn dún lọ́wọ́ wọn rí.

Lọ́jọ́ kan, ìbátan wa kan wá kí wa láti Ìjẹ̀bú. Ó rí mi tí mo ju ọṣẹ ìfọṣọ sí Bàbá Àgbà, ló bá figbe ta.

"Ọmọ yìí! Bàbá rẹ àgbà lò ń sọ lókò?"

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà dìde, kí n ju ọsàn kan sí òun náà. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó mú wọn le bí igi. Ọsàn bà á lọ́wọ́, ó ta, ó sì yí lọ sábẹ́ ìkòkò omi. Bàbá Àgbà fojú bá ọsàn náà lọ, wọ́n wá yíjú sí àlejò wa.

"Ọwọ́ tó bá le koko, ohun rere kì í dúró nínú rẹ̀."

Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó lọ. Wọ́n kírun Àsárì tán, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ó parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà làwọn ènìyàn ti ń sọ pé kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Mi ò lè kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí lóòótọ́, torí Kàdúná ni iṣẹ́ gbé bàbá mi lọ, ṣùgbọ́n apá ibi tí mo rí nínú wọn kò tó ìdajì. Ìwọ̀nba tí mo rí yẹn ni màá sọ, bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Rájí Àjàní Ògúnnáìkè lorúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nílé. Láti Ìkẹjà dé Agége, Rájí Àtè ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ẹ mọ àtè, oje igi tí àwọn tó ń dẹ ẹyẹ máa ń fi ra ẹ̀ka, tí ẹyẹ bá bà lé e tán tí kò ní lè gbéra mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní bọ́ọ̀lù máa ń ṣe tó bá ti kan ara Bàbá Àgbà.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ tánńganran ní Ìkẹjà ló gbà wọ́n síṣẹ́ nígbà èwe wọn. Kì í ṣe torí abọ́ ni wọ́n fi gbà wọ́n. Láyé ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ tó bá lẹ́nu ló ń ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, àwọn ọ̀gá òyìnbó sì fẹ́ràn kí ẹgbẹ́ tiwọn na ti aládùúgbò. Láàárọ̀, Bàbá Àgbà á to abọ́; ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bọ́ sórí pápá. Iwájú lápá ọ̀tún ni wọ́n ti ń gbá. Ọ̀rẹ́ wọn tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ náà, ọmọ Èkìtì kan tó ń jẹ́ Gébúrẹ́ẹ̀lì, ló ń gbá àárín. Àwa ọmọ ilé ń pè wọ́n ní Bàbá Gébú. Iṣẹ́ Bàbá Gébú ni kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sókè réré láti ẹ̀yìn. Iṣẹ́ Bàbá Àgbà ni kí wọ́n máa sáré lọ, kí wọ́n má bojú wẹ̀yìn, kí wọ́n sì gbà á níbi tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó rí i sọ fún mi pé gbogbo pápá á dákẹ́ ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù náà bá fi wà lókè. Ó dìgbà tó bá fi jẹ́jẹ́ bà lé àyà Rájí kí ariwo tó sọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí ní ìjà kan tí wọn ò parí láyé. Ìdíje àṣekágbá láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ló fà á. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, Bàbá Gébú gbá bọ́ọ̀lù kan síwájú, bọ́ọ̀lù náà jáde, ife sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, tí Bàbá Gébú bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé wa ni wọ́n ń bọ̀ tààrà, tàwọn ti agbádá funfun, láti wá dá ẹjọ́ bọ́ọ̀lù yẹn.

"Rájí, o dúró! Mo fojú mi rí i, o dúró!"

"Ìwọ lo gbá a bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́. Ta ló fẹ́ bá ìyẹn?"

"O dúró, mo ní o dúró!" Èdè Èkìtì á wá gorí ahọ́n Bàbá Gébú, a ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́.

Ìyá Àgbà á gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín kalẹ̀ síwájú wọn, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́njú díẹ̀, mo dúró títí Bàbá Gébú fi lọ, mo wá bi Bàbá Àgbà pé ta ló jẹ̀bi gan-an. Wọ́n kọ́kọ́ yọjú wo ojú pópó.

"Èmi ni. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

"Tí mo bá ti gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi, kí ni Gébú á tún máa wá ṣe nílé mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Orúnkún ló lé wọn kúrò lórí pápá. Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà, wọn ò sì retí ju kí wọ́n máa to abọ́ títí wọ́n á fi darúgbó. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan tó ti máa ń wò wọ́n láti kékeré wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò jìnnà sí Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun ló ní kí wọ́n wá ṣe kóòṣì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ẹni tó bá kọjá ló ń nà án.

Mùfútáù, tó wá di ọ̀gá ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀la, ló sọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ tirẹ̀ ṣe rí fún mi. Wọ́n wọ bàtà bọ́ọ̀lù jáde, wọ́n tò. Kóòṣì ò mú bọ́ọ̀lù kankan dání. Agbọ̀n ẹyin ni wọ́n mú wá. Wọ́n ń ju ẹyin tútù sí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkèèrè, ẹni tó bá fọ́ tirẹ̀ á lọ fọwọ́, á padà sẹ́yìn ìlà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n pè ní Sáàpù dé, tí owó náírà di yẹpẹrẹ, tí ẹyin di ohun tí mẹ̀kúnnù ń fojú wò lásán, Bàbá Àgbà yí i padà sí omi tútù inú ọ̀rá. Ẹni tó bá bẹ́ ẹ, ó wẹ̀ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bínú lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Kóòṣì, bọ́ọ̀lù gbígbá la wá kọ́, ẹ kàn ń kọ́ wa ní gbígbà."

Bàbá Àgbà ò bínú. Wọ́n ní, "Gbígbà ló ṣíwájú gbígbá. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan, kí ló fẹ́ gbá?"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn gba ife nígbà tí Bàbá Àgbà ń ṣe kóòṣì wọn. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń rán ènìyàn wá yọjú wo bí wọ́n ṣe ń ṣeré. Bàbá Àgbà ò gbé ife náà rí. Tí wọ́n bá ń gbé e kiri, wọ́n á ti máa kó bọ́ọ̀lù àti asíá sínú àpò, wọ́n á ní ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ìgbà Sáàpù yẹn le. Ilé iṣẹ́ aṣọ ìnura kan ní Ìlúpéjú ni Ìyá Àgbà ti ń ṣiṣẹ́. Òwú tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun kò wá mọ́, wọ́n dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, Ìyá Àgbà sì wà nínú wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí ìta gbangba, wọ́n ń tún aṣọ ṣe fún ará àdúgbò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ò rí jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹun, wọ́n ń pè é ní sírò-wán-sírò: kò sí tàárọ̀, ọ̀sán nìkan, kò sí talẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Mùfútáù ṣubú lórí pápá láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá Àgbà mú un wálé, Ìyá Àgbà sì fún un ní ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kejì ó mú ẹnì kan wá. Kí oṣù tó parí, orí bẹ́ńṣì wa ò gba ènìyàn mọ́.

Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Bàbá Ṣìkírù, ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló kó wá sílé wa ni, àbí àwa la kó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

Bàbá Àgbà ò gbójú sókè nínú bàtà tí wọ́n ń rán. "Ìyàwó mi, bọ́ọ̀lù tó bá wá lèèyàn ń gbà. A kì í ṣà á."

Ìyá Àgbà pòṣé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé ni wọ́n fi ń se ẹ̀wà. Mùfútáù ò sì jẹ ẹ́ lásán. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò tó ń dà mí láàmú, orí tábìlì pákó wa ló ti kọ́ mi.

N ò ní pọ́n wọn jù. Bàbá Àgbà kì í yin ènìyàn. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé, "Ó kù díẹ̀" ló máa gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹni tó jẹ ìyà ìwà yìí jù ni bàbá mi, Ṣìkírù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Bàbá mi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Yíya àwòrán ilé ni wọ́n fẹ́ràn, òun náà ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, tí gbogbo òbí wá jókòó, Bàbá Àgbà kó ẹgbẹ́ wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn. Ìyá Àgbà nìkan ló lọ.

Mo gbìyànjú láti dá sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí bàbá mi ti Kàdúná dé fún ọdún Iléyá. Mo ní Bàbá Àgbà ń bi wọ́n léèrè nígbà gbogbo. Bàbá mi mi orí, wọn ò sì gbóhùn sókè.

"Ọmọ mọ́kànlá ni bàbá mi bí. Èmi ni ìkejìlá, orí bẹ́ńṣì ni mo wà."

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Àgbà, mo rò pé wọ́n á jiyàn. Wọn ò jiyàn. Wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ. Má bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí.

Lọ́dún kan nígbà ìjọba ológun náà, ara ò gba Sáàpù mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta. Àwọn ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Bàbá Àgbà náà jáde, wọ́n já ewé dání, wọ́n ń kọrin lọ sí ọ̀nà ojú irin Agége. Àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n tú wọn ká, wọ́n sì ti kọ́lẹ́ẹ̀jì pa. Ẹnì kan ti ya fọ́tò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin méjì wọlé wa. Ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Bàbá Àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Èkejì wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà ló ti wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Èmi ni mo gbé omi wá fún wọn. Bí mo ṣe ń gbé e kalẹ̀ ni mo rí fọ́tò tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì.

Mùfútáù ló wà níwájú nínú fọ́tò náà, ó la ẹnu sílẹ̀, ewé wà lọ́rùn rẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ló wọ̀. Apá aṣọ náà ní ibi tí Ìyá Àgbà ti fi òwú búlúù rán an. Méjì nínú àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà nílé wa wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kóòṣì," akọ̀wé náà wí, "ẹ ò ní ṣàì mọ àwọn wọ̀nyí. Aṣọ ẹgbẹ́ yín ni. Ẹ dárúkọ wọn fún wa, ká máa lọ."

Bàbá Àgbà mú fọ́tò náà. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún sún un mọ́ra.

"Aṣọ ni mo rí. Ojú wọn ṣú sí mi."

Ọkùnrin kejì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ẹ̀yin Rájí Àtè? Bàbá mi sọ fún mi pé inú oòrùn lẹ ti máa ń rí bọ́ọ̀lù."

"Ìgbà ọ̀dọ́ nìyẹn, ọ̀gá. Ojú náà ti darúgbó."

"Kóòṣì tí kò mọ ojú ọmọ tó ń kọ́?"

"Ẹsẹ̀ wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n."

Fọ́tò náà ò dé ibi ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà wo Bàbá Àgbà títí, ó wá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú àwo omi.

"Ọmọ dáadáa, wá. Kí lorúkọ rẹ?"

"Àbẹ̀kẹ́, sà."

"Àbẹ̀kẹ́, ojú tìẹ ṣì mọ́. Ta nìyí?" Ó fi ìka lé orí Mùfútáù.

Ilé kéú ni mo ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Álífáà wa ti sọ ibi tí òpùrọ́ ń lọ fún wa, kò sì fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀. Mo wo Bàbá Àgbà, mo fẹ́ mọ ohun tí màá ṣe. Wọn ò ṣẹ́jú sí mi, wọn ò mi orí. Fọ́tò náà nìkan ni wọ́n tẹjú mọ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Wò ó dáadáa."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ohùn Ìyá Àgbà dún lẹ́yìn mi. "Ọ̀gá, ọmọ ti dá yín lóhùn. Àbẹ̀kẹ́, wá bá mi wẹ abọ́."

Wọ́n dìde. Akọ̀wé náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó jọ pé àánú ń ṣe é. "Kóòṣì, ẹ mọ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ò lè fi ẹni tí kò ríran sídìí iṣẹ́ yìí."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Àgbà wí.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Mo lọ bá wọn lẹ́yìnkùlé, mo bi wọ́n bóyá irọ́ ni mo pa. Mo rò pé wọ́n á ní kì í ṣe irọ́, bí àgbà ṣe máa ń ṣe. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì sọ ọ́ lójú mi.

"Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pa á, ẹnu rẹ ni mo yá lò. Tí wọ́n bá bi ọ́ lọ́run, bẹ́ẹ̀ ni kó o sọ."

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé nítorí ojú wọn tó ti rẹ̀, kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n ká a, wọ́n fi sínú Kùránì. Bàbá Gébú gbọ́, wọn ò dúró de Sọ́ńdè.

"Rájí, ojú tìẹ ló ń dùn ọ́? Lọ bá wọn! Ní kí wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ, kó o kà á fún wọn!"

"Gébú, tí ojú mi bá dá, mo mọ àwọn ọmọ yẹn nìyẹn."

Bàbá Gébú jókòó. Ó wá yé wọn pé ọ̀rẹ́ wọn ò lè pa irọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan péré, àfi kí wọ́n máa pa á lọ lójoojúmọ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Tí òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá ń bọ̀ lójú pópó, Bàbá Àgbà ò gbọdọ̀ kí i títí tó fi máa sọ orúkọ ara rẹ̀. Wọn ò sì lè lọ wo bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ nígbà tí wọ́n ṣí i padà, torí kí ni ẹni tí kò ríran ń wò? Ìyá Àgbà rán mi lọ wá wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan. Mo bá wọn lẹ́yìn ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí wọn kò ti lè rí pápá. Wọ́n fi etí ti búlọ́ọ̀kù. Inú lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Wọ́n ń gbá a kí wọ́n tó gbà á," ni wọ́n sọ fún mi. "Gbọ́ bó ṣe ń dún."

A jọ rìn lọ sílé.

Kò sẹ́ni tó mú Mùfútáù. Ó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó di olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, òun náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Kò mọ̀ pé fọ́tò kankan wà. Ohun tí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́ lòun náà gbọ́, pé ojú Kóòṣì ti rẹ̀. Nítorí náà, ọdọọdún tó bá wá kí wọn, jígí ojú ló ń rà wá. Bàbá Àgbà á gbà á, wọ́n á súre fún un, wọ́n á wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Mùfútáù bá fi wà nílé wa, wọ́n á máa fọwọ́ tá ògiri kiri. Lọ́dún kan wọ́n tiẹ̀ kọlu àga. Tó bá ti lọ, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á di orí mú torí jígí náà ń fọ́ wọn lórí.

Nígbà tí àwọn ológun ti lọ tí ohun gbogbo rọ̀, tí èmi náà ti di ìyá ọmọ, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún un.

"Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n gbé òun pọ̀n kọjá odò," ni wọ́n wí, "kì í lè sáré bó ṣe fẹ́ mọ́. Jẹ́ kó máa sáré."

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n kú, a ṣe àdúrà fún wọn. Mùfútáù wá. Ewú ti gba gbogbo orí rẹ̀. Ó bá mi nínú yàrá Bàbá Àgbà níbi tí mo ti ń to aṣọ wọn, ó ní kí n bá òun wá ọ̀kan nínú àwọn jígí yẹn, kí òun máa fi rántí wọn. Mi ò ronú kí n tó fa páálí tí wọ́n ń kó wọn sí jáde lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò awọ rẹ̀, tuntun.

Ó yẹ̀ wọ́n wò títí. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọn ò lò ó ni?"

Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́. Ẹni tó ní kí n má sọ ọ́ ti wà nínú ilẹ̀, ẹni tó ń bi mí sì ti sáré débi tó ń lọ. Mo jókòó sétí ibùsùn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fọ́tò, akọ̀wé, ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà.

"Ojú wọn wá ńkọ́?"

"Ojú wọn dá pẹ́ẹ́. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú, wọ́n ń ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ fún mi láti ojú fèrèsé."

"Gbogbo ìgbà tí mo bá wá, tí wọ́n ń fọwọ́ tá ògiri?"

"Tìtorí yín ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, omijé ń já bọ́ sórí ewú irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n nawọ́ fọ́tò sí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo ní o ò mọ̀ mí?"

"Èmi ni."

Mùfútáù fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú mi. Mo fò dìde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Nígbà tí mo rí i pé kò ní dìde, èmi náà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀ títí Álífáà fi gbóhùn sókè níta, ó ní àdúrà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Rájí bọ́ síwájú.

Àwa méjèèjì la dìde.